Gbèsè Ta Ni Àìsàn Olùkọ́?

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, kí n tó padà sí agbègbè wa, mo ń kọ́ ìtàn àti ìmọ̀ ilẹ̀ ní ilé-ẹ̀kọ́ girama kan tí n kò ní dárúkọ rẹ̀. Vacataire ni mí nígbà náà. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ wa mọ ohun tí ọ̀rọ̀ yìí túmọ̀ sí: wákàtí tí o bá kọ́ ni wọn yóò kà fún ọ, èyí tí o kò bá kọ́, afẹ́fẹ́ ti gbé e lọ. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, nígbà tí òjò ń parí lọ, ibà dé sí mi lára. Orí ń fọ́ mi, gbogbo oríkèé ń ro mí, òtútù sì ń mú mi bí oòrùn tilẹ̀ ti yọ. Mo jókòó sí etí ibùsùn, mo ṣe ìṣirò. Wákàtí mẹ́fà ni mo ní lọ́jọ́ náà. Bí mo bá dùbúlẹ̀, mo pàdánù owó wákàtí mẹ́fà, mo sì tún ná owó oògùn lé e: ẹ̀ẹ̀mejì ni àìsàn kan ṣoṣo yóò gba owó lọ́wọ́ mi. Mo wẹ̀, mo wọṣọ, mo gun alùpùpù mi lọ.

Ní kíláàsì troisième, àwọn tí wọn yóò ṣe ìdánwò BEPC lọ́dún náà, mo kọ ọdún kan tí kò tọ́ sí ojú pátákó. Ọmọbìnrin kan nawọ́ sókè. Ó ní, «Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún wa lọ́sẹ̀ tó kọjá pé ọdún 1894 ni Béhanzin jọ̀wọ́ ara rẹ̀ fún àwọn Faransé. 1904 ni ẹ kọ yìí.» Òun ló tọ̀nà. Dípò kí n dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo jágbe mọ́ ọn, mo sì sọ ọ̀rọ̀ kan sí i tí ojú ń tì mí láti kọ síhìn-ín. Ó jókòó. Láti ọjọ́ náà títí ọdún ilé-ẹ̀kọ́ fi parí, kò nawọ́ mọ́ nínú kíláàsì mi.

Ta ni ó san owó àìsàn mi lọ́jọ́ yẹn? Kì í ṣe èmi, nítorí wákàtí mẹ́fà mi pé. Kì í ṣe ilé-ẹ̀kọ́, nítorí ìwé ìforúkọsílẹ̀ fi hàn pé olùkọ́ wà lẹ́nu iṣẹ́. Ọmọ náà ni ó san án, kò sì sí ẹni tó bi í léèrè bóyá ó gbà bẹ́ẹ̀. Láti ìgbà náà ni ìbéèrè kan kò ti fi mí lọ́rùn sílẹ̀: gbèsè ta ni àìsàn olùkọ́? Mo lo ọ̀rọ̀ gbèsè, nítorí pé àìsàn kì í kọjá lọ́fẹ̀ẹ́. Òfin kankan kò lè sọ iye rẹ̀ di òfo. Ohun tí òfin lè ṣe ni kí ó yan ẹni tí yóò san án.

Ẹ wá wo yàrá àwọn olùkọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ girama èyíkéyìí ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ wa. Ẹ ó rí ènìyàn mẹ́ta lórí àga mẹ́ta, chalk kan náà lọ́wọ́ wọn. Ọ̀kan jẹ́ agent permanent, tí òfin òṣìṣẹ́ ìjọba ń dáàbò bò. Ìkejì jẹ́ contractuel. Ìkẹta jẹ́ aspirant, ẹni tí a ń pè ní AME, láti inú ètò tí ìjọba bẹ̀rẹ̀ ní ọdún ilé-ẹ̀kọ́ 2019-2020, tó sì ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ àdéhùn tó ní ọjọ́ ìparí. Mo ti wà lórí àga kẹta yìí. Ẹ̀fọn tó ń fò nínú yàrá náà kò mọ ìyàtọ̀ láàárín àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ibà kan náà ni ó ń fún wọn; ṣùgbọ́n iye tí ibà náà yóò ná ẹnì kọ̀ọ̀kan kò dọ́gba.

Ọ̀nà tí a gbà dé ibẹ̀ jìn. Àwọn àgbà láàárín wa rántí ìparí àwọn ọdún 1980, nígbà tí àpò ìjọba gbẹ, tí olùkọ́ ń ṣiṣẹ́ oṣù lórí oṣù láìgba owó. Ìdaṣẹ́sílẹ̀ àwọn olùkọ́ àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní 1989 wà lára ohun tó ṣí ọ̀nà fún Àpérò Àpapọ̀ ti oṣù kejì ọdún 1990. A gba òmìnira láti sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ìjọba kò gba òṣìṣẹ́ mọ́ bí ó ti ń ṣe tẹ́lẹ̀. Ọmọ ń pọ̀ sí i ní ilé-ẹ̀kọ́, olùkọ́ kò sì tó. Ní abúlé, àwọn òbí dá owó jọ, wọ́n wá ẹni tó mọ̀wé láàárín ara wọn, wọ́n ní kí ó máa kọ́ àwọn ọmọ. Enseignant communautaire ni orúkọ rẹ̀. Irú ẹni bẹ́ẹ̀, bí ó bá ṣàìsàn, ta ni yóò bi léèrè ìsinmi? Àwọn òbí tí wọ́n ń san án pẹ̀lú owó iṣu?

Òfin ti wà, n kò sọ pé kò sí. Òfin Iṣẹ́ ti ọjọ́ 27 oṣù kìíní ọdún 1998 sọ pé bí àìsàn bá dá òṣìṣẹ́ dúró, tí dókítà sì jẹ́rìí sí i, àdéhùn iṣẹ́ rẹ̀ kò já. Ó kàn dáwọ́ dúró fún ìgbà díẹ̀ ni. Òfin kan náà fún aboyún ní ọ̀sẹ̀ 14, mẹ́fà ṣáájú ìbímọ àti mẹ́jọ lẹ́yìn rẹ̀, ó sì fún ìyá ọmọ ní wákàtí kan lójúmọ́ láti fún ọmọ lọ́mú títí ọmọ yóò fi pé oṣù 15. Èrò ọmọlúwàbí ni ó wà nínú àwọn ẹsẹ òfin wọ̀nyí. Wọ́n gbà pé ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ní ara, àti pé ara kì í ṣe irin.

Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 29 oṣù kẹjọ ọdún 2017, òfin mìíràn jáde, èyí tí a mọ̀ sí 2017-05, lórí bí a ṣe ń gba òṣìṣẹ́ àti bí a ṣe ń dá a dúró. Ó fàyè gba kí a máa tún àdéhùn ọlọ́jọ́-ìparí ṣe láìní iye. Ó sì fi òpin sí owó ìtanràn: ẹni tí a bá lé lẹ́nu iṣẹ́ láìtọ́, owó tí ilé-ẹjọ́ lè dá fún un kò gbọdọ̀ ju owó oṣù mẹ́sàn-án lọ. Àwọn tó gbè é lẹ́yìn sọ pé bí ó bá rọrùn láti dá òṣìṣẹ́ dúró, kò ní ba àwọn agbanisíṣẹ́ lẹ́rù láti gba òṣìṣẹ́. N kò fẹ́ bá wọn jiyàn lórí ọ̀rọ̀ ajé, kì í ṣe ẹ̀kọ́ mi. Ohun tí mo mọ̀ ni ohun tí àdéhùn ọlọ́jọ́-ìparí ń ṣe sí ọkàn ènìyàn. Kò sí ẹni tí yóò lé ọ nítorí pé o ṣàìsàn, nítorí kò pọndandan. Ó tó kí ọjọ́ ìparí dé, kí orúkọ rẹ má sì sí nínú àwọn tí a óò tún gbà. Nítorí náà ni o ṣe ń fi ara pamọ́ fún àìsàn tìrẹ fúnra rẹ. Òfin 1998 ṣì wà níbẹ̀, ó ṣì fún ọ ní ẹ̀tọ́. Ìbẹ̀rù ni kò jẹ́ kí o na ọwọ́ mú un.

Olùkọ́ obìnrin kan tí a jọ ṣiṣẹ́ sọ fún mi pé òun àti ọkọ òun ti ka oṣù, kí ìbímọ òun lè bọ́ sí àárín ìsinmi ńlá. Ọ̀sẹ̀ 14 wà nínú òfin fún un. Kò fẹ́ lò ó. Ó rẹ́rìn-ín bí ó ti ń sọ ọ́, ó ní Ọlọ́run náà mọ kàlẹ́ńdà ilé-ẹ̀kọ́.

Ẹni tó bá sì fẹ́ fi ẹnu sọ ọ̀rọ̀ yìí lórí ìdúró, ọ̀nà rẹ̀ ti dín kù. Lẹ́yìn ìdaṣẹ́sílẹ̀ gígùn ti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2018, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ gba odidi ọdún ilé-ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ àwọn ọmọ, òfin 2018-34 sọ pé ìdaṣẹ́sílẹ̀ kò gbọdọ̀ ju ọjọ́ 10 lọ lọ́dún, ọjọ́ 7 ní ìdajì ọdún, ọjọ́ 2 lóṣù. Ọjọ́ 5 oṣù kẹwàá ni wọ́n fọwọ́ sí i. Ọjọ́ yẹn gan-an ni gbogbo ayé ń ṣe àyájọ́ àwọn olùkọ́, ní ìrántí ìwé àbá tí UNESCO àti àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ gbé jáde ní 1966 lórí ipò olùkọ́, èyí tó ní kí olùkọ́ tó ń ṣàìsàn máa gba owó rẹ̀. Mo gbà pé ó ṣèèṣì bọ́ síra ni.

Kí a má ṣe rò pé Bẹ̀nẹ̀ nìkan ni. Ní ilẹ̀ Faransé, ibi tí a ti mú púpọ̀ nínú òfin wa, wọ́n dá ohun kan sílẹ̀ fún òṣìṣẹ́ ìjọba ní ọdún 2012 tí wọ́n ń pè ní jour de carence: ọjọ́ kìíní àìsàn, kò sí owó. Wọ́n pa á rẹ́ ní 2014, wọ́n tún dá a padà ní 2018. Láti oṣù kẹta ọdún 2025, wọ́n tún ń yọ ìdá kan nínú mẹ́wàá kúrò nínú owó oṣù ẹni tó bá gba ìsinmi àìsàn, fún oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́. Ìjọba kan tilẹ̀ ti fẹ́ sọ ọjọ́ kan náà di mẹ́ta kí èyí tó rọ́pò rẹ̀ tó pa èrò náà tì. Ní Sípéènì, nígbà tí ọrọ̀ ajé wọn dẹnu kọlẹ̀ ní 2012, òfin sọ pé òṣìṣẹ́ ìjọba kò gbọdọ̀ gba ju ìdajì owó rẹ̀ lọ fún ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́ àìsàn. Ní Nàìjíríà, òfin iṣẹ́ fún òṣìṣẹ́ ní ọjọ́ iṣẹ́ 12 lọ́dún pẹ̀lú owó. Bí ibà bá mú ọ lẹ́ẹ̀mẹ́rin lọ́dún, ọjọ́ mẹ́ta-mẹ́ta ni.

Kí ni ìdí tí wọ́n fi ń ṣe bẹ́ẹ̀? Wọ́n ní àwọn òṣìṣẹ́ ń pa irọ́ àìsàn. Ní ibí yìí, ẹ jẹ́ kí n sọ òtítọ́ tí àwa olùkọ́ kì í fẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ lójú wa. Irọ́ náà wà. Mo mọ ẹni tí ara rẹ̀ kì í yá ní ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì, tó sì máa ń yá ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ajé. Mo mọ kíláàsì tí wọ́n jókòó fún oṣù kan láìrí olùkọ́ ìṣirò. Bàbá kan ní agbègbè wa, tó gbin kajú, tó gbin iṣu, tó ta díẹ̀ nínú rẹ̀ kí ọmọ lè wọ ilé-ẹ̀kọ́, ní ẹ̀tọ́ láti bínú. Bí ó bá sọ pé olùkọ́ ń jẹ owó ọ̀lẹ, n kò ní bá a jà.

Síbẹ̀, ẹ wo ohun tí ọjọ́ àìlówó náà ń ṣe. Kò ya olóòótọ́ sọ́tọ̀ kúrò lára èké. Pàṣán kan náà ni ó fi na àwọn méjèèjì. Ó tilẹ̀ ń na ẹni tí àìsàn rẹ̀ kúrú tó sì ń padà wá ju ẹni tó dùbúlẹ̀ pẹ́ lọ, nítorí ìgbàkígbà tí o bá tún ṣàìsàn ni kíkà bẹ̀rẹ̀. Ní ilẹ̀ òtútù, bóyá èyí kò jọ wọ́n lójú. Ní ilẹ̀ tí ibà ti ń yípo bí ọjọ́ ọjà, ẹ ronú ohun tí yóò jẹ́. Ó sì tún ń ṣe nǹkan mìíràn tó burú jù lójú tèmi. Ó ń sọ ẹ̀rí ọkàn di ọjà. Èké tó mọ̀ pé òun ń jẹ ìyà ọ̀fẹ́ àwọn ọmọ, ojú lè tì í lọ́jọ́ kan. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti yọ owó ọjọ́ náà, yóò ní, «Mo ti san án,» yóò sì sùn dáadáa.

Bàbá mi jẹ́ àgbẹ̀. Òun àti àwọn ọkùnrin mẹ́fà máa ń ṣe àáró: lónìí oko tèmi, lọ́la oko tìrẹ, títí yóò fi yí ká. Ní ọdún kan, ní àkókò ebè kíkọ, egbò mú un lẹ́sẹ̀, kò lè tẹ ilẹ̀. Ọjọ́ tirẹ̀ pé. Mo rò pé wọn kò ní wá, nítorí kò bá wọn lọ sí oko méjì tó ṣáájú. Wọ́n wá. Wọ́n kọ ebè náà títí oòrùn fi wọ̀, ìyá mi se oúnjẹ fún wọn, kò sì sí ẹni tó sọ̀rọ̀ nípa iye ọjọ́. Nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ jinná, ó lọ sí oko wọn láìjẹ́ pé ẹnì kan rán an létí. Gbèsè egbò náà, méje ni wọ́n pín in sí, ẹnì kan ṣoṣo kò rù ú.

Ẹ má sì rò pé àáró jẹ́ ohun rírọ̀. Ọkùnrin kan wà láàárín wọn tí ẹ̀yìn máa ń dùn ún ní ọjọ́ oko ẹlòmíràn, tí kì í sì í dùn ún ní ọjọ́ oko rẹ̀. Wọn kò bá a jà. Nígbà tí òjò ọdún kejì bẹ̀rẹ̀, wọn kò pè é. Ẹni tó rí ọ lójoojúmọ́ mọ egbò, ó sì mọ ẹ̀tàn. Ìjọba kò rí ẹsẹ̀ bàbá mi. Ìwé ni ó fẹ́ rí. Olùkọ́ tó wà ní abúlé jíjìn gbọ́dọ̀ gun zémijan nínú ibà lọ sí Bassila tàbí Djougou, kí ó san owó ọkọ̀ àti owó dókítà, kí ó tò sórí ìlà, kí ó lè gba ìwé tó jẹ́rìí pé kò lókun láti rìnrìn àjò.

Mo mọ̀ pé àfiwé yìí ní ibi tó ti ń ṣẹ́. Ebè lè dúró de ọ̀la. BEPC kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Ẹni mẹ́fà lè kọ ebè fún ẹnì kan, ṣùgbọ́n olùkọ́ èdè Faransé kò lè kọ́ni ní físíìsì nítorí pé ó fẹ́ràn ẹnìkejì rẹ̀. Àti pé àwọn ọ̀rẹ́ bàbá mi yan ara wọn ni. Àwọn tó ń san owó orí ní Cotonou kò yàn mí. Kí ni mo fi jẹ́ wọn? Mo ti rò ó títí, ohun tí mo sì rí kò ju èyí lọ: wọ́n fi ọmọ wọn lé mi lọ́wọ́. Ẹni tó bá fi ọmọ lé ọ lọ́wọ́, ìlera rẹ ti di ọ̀rọ̀ tirẹ̀, bí kò tilẹ̀ fẹ́ bẹ́ẹ̀. A máa ń yin olùkọ́ tó ń kọ́ni nínú àìsàn, a ń pè é ní akíkanjú. Èmi náà gba irú ìyìn bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun yẹn. Ọ̀gá wa kí mi kú ìfaradà. Bí ó bá wọ kíláàsì náà, yóò rí ohun tí ìfaradà mi ṣe.

Nígbà tí èsì BEPC jáde, mo wá ọmọbìnrin náà lọ. Ó ti yege. Mo sọ fún un pé mo ṣẹ̀ ẹ́, pé ibà ni, pé n kò lè sinmi nítorí owó. Ó kúnlẹ̀, ó ní kò sí nǹkan. Lẹ́yìn náà ló bi mí ní ìbéèrè kan, láìsí àrífín kankan nínú rẹ̀: «Ọ̀gá, àkàsà ni ìyá mi ń tà. Bí ibà bá mú òun, ta ni ó ń san án fún un?»

N kò rí èsì fún un. Ní ojú ọ̀nà ilé, mo kọ́kọ́ rò pé ọmọ náà ti já irọ́ mi: ẹ̀tọ́ tí mo ń béèrè, ìdá kékeré nínú àwọn ará ìlú ni ó ní in, àwọn tí wọ́n ń fi owó orí wọn gbé e ró kò sì ní in. Ó gba àkókò kí n tó rí apá kejì ọ̀rọ̀ náà. Nígbà tí ara ìyá rẹ̀ kò bá yá, òun ni ó ń gbé igbá àkàsà lọ sọ́jà. Mo ti ka àwọn ọjọ́ tí kò wá sí ilé-ẹ̀kọ́ sínú ìwé mi, mo ti fi pẹ́ńsù pupa sàmì sí wọn, n kò bi í léèrè ìdí rẹ̀ rí. Ọmọ kan náà ni ó san owó àìsàn ìyá rẹ̀ tó sì tún san tèmi. Òfin tó bá gba ìsinmi lọ́wọ́ olùkọ́ kí ó lè bá alákàsà dọ́gba, ẹgbẹ́ ọmọ yìí ni ó ń sọ di púpọ̀. Ìjọba ti bẹ̀rẹ̀ ètò ìlera tí a ń pè ní ARCH, òfin ọjọ́ 3 oṣù kejì ọdún 2021 sì ti sọ pé kí gbogbo ènìyàn ní ìdánilójú ìtọ́jú. Ohun rere ni. Ṣùgbọ́n owó oògùn ni ó ń tọ́jú, kò tọ́jú ọjọ́ tó sọnù, bẹ́ẹ̀ ọjọ́ tó sọnù ni ó ń gbé igbá lé ọmọ lórí.

Ní àsìkò òjò tó kọjá, ọ̀dọ́ olùkọ́ kan, aspirant ni, wọ inú yàrá wa pẹ̀lú ojú pupa, ó ń gbọ̀n. Ó ní òun lè kọ́ni. Àwa mẹ́ta ní kí ó máa lọ sílé, a sì pín wákàtí rẹ̀ láàárín ara wa: permanent kan, contractuel kan, àti èmi. Ẹni tó lè kọ́ ẹ̀kọ́ rẹ̀ kọ́ ọ. Ẹni tí kò lè kọ́ ọ jókòó ti àwọn ọmọ nígbà tí wọ́n ń ṣe iṣẹ́ tí wọ́n ti gbà sílẹ̀ tẹ́lẹ̀. Nígbà tí ó di ìrọ̀lẹ́, ìwé ìforúkọsílẹ̀ dé iwájú wa. Bí a bá kọ orúkọ rẹ̀, irọ́ ni. Bí a bá kọ tiwa, ọmọ náà ti pàdánù owó rẹ̀. A jókòó tì í pẹ́. Níkẹyìn a kọ orúkọ ẹni tó ṣe wákàtí kọ̀ọ̀kan, a sì fi kún un pé dípò rẹ̀ ni, nítorí àìsàn. Kò sí àyè fún irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ nínú ìwé náà. Etí ojú ewé ni a kọ ọ́ sí.